Ilé fúláàtì ń pọ̀ ní Kábà: níbo ni ẹlẹ́sẹ̀ yóò gbà?

Ilé amọ̀ tí páànù rẹ̀ ti pọ́n ń wó lulẹ̀ láàárín ìlú Kábà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n pín sí fúláàtì ló sì ń gba ipò rẹ̀. Níbi tí ìdílé kan ń gbé tẹ́lẹ̀, ìdílé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni yóò wà níbẹ̀ tí wọ́n bá parí rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin yóò sì tún tò sí ìsàlẹ̀. Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti Mọ́pà náà ń tọ ọ̀nà yìí, àmọ́ ẹsẹ̀ tiwọn kò yá tó ti Kábà. Inú onílé ń dùn, ayálégbé ń rí ibi forí pamọ́ sí, bíríkìlà ń rí iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí kò rí tirẹ̀ níbẹ̀ ni ìyá tó ru igbá, tó ń wá ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ lé láàárín gọ́tà tó yanu sílẹ̀ àti tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé ìjọba ni kò ṣe títì dáadáa. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Àmọ́ tí èèyàn bá mú téèpù, tó wọn ilẹ̀ láti ara ògiri ilé dé etí ọ̀dà títì, yóò rí i pé inú mítà mẹ́fà tó wà níwájú ilé ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti ń kú, ó ti kú tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kan títì rárá. Onílé kọ̀ọ̀kan ló ń já tirẹ̀ gbà díẹ̀díẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ń gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí ilé fi ń pọ̀ kò ṣòro láti rí. Oríta ni Kábà. Ọ̀nà tó ti Lọ́kọ́ja gba Ọ̀bájànà wá, èyí tó ti Òkéné wá, èyí tó gba Mọ́pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí ìhà Ìlọrin, àti èyí tó gba Ìyamoyè bọ́ sí Òmùò ní Èkìtì, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ilé-iṣẹ́ Dangote fi kọnkéré ṣe títì Ọ̀bájànà sí Kábà, kìlómítà 43, lábẹ́ ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yọ owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú owó orí ilé-iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ọ̀bájànà lè máa gbé Kábà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello wà nílùú náà láti ọjọ́ pípẹ́, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kogí náà sì ti dé; akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, yàrá kan pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ń béèrè. Àwọn ọmọ Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá Kogí, tó wà ní Àbújá, Èkó àti òkè òkun ń kọ́lé sílé de ọjọ́ ogbó. Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé náà ti lé àwọn kan kúrò lábúlé wá sí ìlú. Ilẹ̀ àárín ìlú kò fẹ̀ sí i, nítorí náà ilé ń gòkè.

Kábà àtijọ́ kò ní púláànù lórí bébà, síbẹ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Agboolé ń wo agboolé, àlàfo àárín wọn ló ń di ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ń dí ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, àgbàlagbà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ní iṣẹ́ láàfin Ọbarọ̀, ọba Kábà, ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn ni gbogbo wọn ń gbà, wọ́n á sì kí ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀. Ó ṣe tán, ìkíni ojú ọ̀nà yẹn, "òkun", ni wọ́n sọ di orúkọ gbogbo wa, Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀.

Fẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ gé e

Pulọ́ọ̀tì tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni ti fíìtì 50 ní 100, ìyẹn mítà 15.24 ní mítà 30.48. Ká ní wọ́n pín ilẹ̀ sí ìlà méjì tó kẹ̀yìn síra, ogún pulọ́ọ̀tì nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, títì kan níwájú ìlà kìíní, òmíràn níwájú ìkejì. Láti títì kan sí èkejì, mítà 61 péré ni tí èèyàn bá lè gba àárín kọjá. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ń rin nǹkan bíi mítà 80 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìṣẹ́jú kan kò ní pé. Tí gbogbo onílé bá mọ fẹ́ǹsì tán, ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàárín ìlà yóò rin mítà 152 lọ sí ìpẹ̀kun, yóò rin 61 kọjá sí òdìkejì, yóò tún rin 152 padà. Mítà 365 nìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀, nínú oòrùn, pẹ̀lú ẹrù. Ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti ń na ọwọ́ sí ọ̀kadà fún ìrìn tí bàbá rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó tó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ ni wọ́n rò ó. Kí wọ́n fi ọ̀nà ẹsẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 3 sí àárín ìlà, lẹ́yìn pulọ́ọ̀tì mẹ́wàá mẹ́wàá. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, pulọ́ọ̀tì méjì tó múlé gbe ọ̀nà náà yóò fi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìdá mẹ́wàá ìbú wọn, ẹbí tó ń tà á lè fi iye yẹn dín owó wọn kù. Ó gbọ́dọ̀ hàn nínú sọ́fè, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀, kí sọ́féyọ̀ sì ri òpó sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹni kẹta tó bá ra ilẹ̀ náà yóò mọ ògiri dí i, kò sì ní jẹ̀bi, nítorí kò sóhun tó fi hàn án nínú ìwé rẹ̀. Nǹkan kan tún wà tí wọ́n máa ń gbàgbé: ọ̀nà mítà 3 tó wà láàárín ògiri gíga méjì di ibi ìbẹ̀rù tí ilẹ̀ bá ṣú. Kí ògiri tó kọjú sí ọ̀nà náà jẹ́ búlọ́ọ̀kù dé ìgbáròkó, kí wọ́n fi irin tó ṣeé wò kọjá sí òkè rẹ̀.

Mítà mẹ́fà, àti bó ṣe ń parẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ púláànù tí wọ́n ń fọwọ́ sí, àlàfo mítà 6 ni wọ́n ń yà síwájú ilé, mítà 3 sí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Lórí bébà, gbogbo rẹ̀ pé. Bó ṣe ń parẹ́ nìyí.

Onílé kọ́lé síbi tó yẹ. Ọdún kejì, ó rí i pé owó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó kọ́ ìlà ṣọ́ọ̀bù kan síwájú, mítà 3 lọ. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ga ju títì lọ ní sẹ̀ǹtímítà 60 nítorí omi òjò, nítorí náà wọ́n ṣe àtẹ̀gùn mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan ga ní 15, ó sì fẹ̀ ní 30. Mítà kan lé díẹ̀ tún lọ. Ayálégbé ṣọ́ọ̀bù na páànù ìbòòrùn síta, ó gbé fìríìjì àti àpótí ọjà sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó kù, ọkọ̀ àwọn oníbàárà gbà á. Ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ sí orí ọ̀dà. Kò sẹ́nì kankan tó jókòó sọ pé òun fẹ́ dí ọ̀nà.

Gíga ilẹ̀ ilé yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, àwọn onílé kì í sì í ronú kàn án. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ní ọ̀nà tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí èèyàn lè ti kẹ̀kẹ́ gùn láìtàkìtì kò gbọ́dọ̀ ga ju ìdá kan nínú méjìlá gígùn rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà kan sókè, méjìlá síwájú. Ilẹ̀ tó ga ní 60 nílò mítà 7.2, kò sì sí bí mítà 7.2 ṣe máa wọ inú àlàfo mítà 6. Ohun tí bíríkìlà wá ń ṣe ni kó da kọnkéré gọ̀ọ́rọ́ bí òkè, kó ní òun ti ṣe é. Ìyá arúgbó kò lè gùn ún, mélòó mélòó ni kẹ̀kẹ́. Tí ilẹ̀ bá ga ní 30 péré, mítà 3.6 ti tó, àyè á sì ṣẹ́kù. Láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti ń yan èyí. Tí ìdí tí wọ́n fi gbé ilẹ̀ sókè bá sì jẹ́ omi, a jẹ́ pé gọ́tà ló ń ṣàìsàn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Mọ́tò kan nílò bíi mítà 2.5 ní 5 láti dúró. Tí onílé bá ṣí gbogbo iwájú ilé sílẹ̀ kí mọ́tò máa wọlé níbi tó bá wù ú, gbogbo mítà 15 iwájú rẹ̀ di ibi tí mọ́tò ti ń fi ẹ̀yìn rìn lu ẹlẹ́sẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, mítà 3.5 ní ìbú, kí mọ́tò yípo nínú ọgbà kó sì fi orí jáde. Èyí tó kù ti ẹlẹ́sẹ̀ àti ti igi. A ń gé igi jù. Dóńgóyárò kan tí wọ́n gbìn sí mítà 2 sí gọ́tà, kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà já a, wúlò fún ẹni tó ń rìn láago méjì ọ̀sán ju íńtálọ́ọ̀kù aláràbarà lọ.

Omi òjò kò mọ onílé

Òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 200 níbùú lóròó, tí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ sí i, irú èyí tí à ń rí nígbà òjò, lítà 10,000 ló máa da sílẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù àádọ́ta nìyẹn, láàárín wákàtí kan tàbí méjì. Ilé amọ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ ìta tó ń mu omi. Ilé tuntun ń fi kọnkéré tàbí íńtálọ́ọ̀kù bo gbogbo pulọ́ọ̀tì, nítorí náà omi tó bọ́ sórí gbogbo pulọ́ọ̀tì fíìtì 50 ní 100 yóò tó lítà 23,000, ẹnu géètì ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà jáde. Ẹ ka pulọ́ọ̀tì mẹ́wàá lójú títì kan, ẹ óò mọ ìdí tí gọ́tà ìgbà àwọn bàbá wa kò fi lè gbà á mọ́.

Onílé kọ̀ọ̀kan tún ń fi kọnkéré ṣe afárá sórí gọ́tà kí mọ́tò rẹ̀ lè wọlé. Ọ̀kan ga, ọ̀kan rẹlẹ̀. Ọ̀kan fi páìpù íǹṣì mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀, èkejì da iyẹ̀pẹ̀ dí i pátápátá. Ọ̀rá àti ike omi kóra jọ síbi páìpù kékeré yẹn, omi fò jáde sórí títì. Omi tó ń ṣàn létí ọ̀dà a máa gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀dà náà yóò wá ya ní etí, yóò sì fi ọ̀gbun sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀kadà ti ń ṣubú, ibẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ ti ń yẹsẹ̀ tí tírélà bá fun fèrè. Nítorí náà, tí ẹ bá rí etí títì tó ya, ẹ má tíì bú ẹni tó da ọ̀dà; ẹ kọ́kọ́ wo páìpù tó wà lábẹ́ afárá onílé tó wà lókè.

Kí afárá gbogbo ilé lójú títì kan wà ní gíga kan náà, kí ojú ihò abẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀ tó gọ́tà fúnra rẹ̀. Nínú ọgbà, kí onílé fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láìbò, tàbí kó gbẹ́ kòtò òkúta tí omi òrùlé yóò máa rì sí. Kòtò omi òjò yìí yàtọ̀ sí sọ́kàwéè o. Ó kéré tán, sọ́kàwéè gbọ́dọ̀ fi mítà 15 jìnnà sí kànga, 30 ló dáa jù. Lórí pulọ́ọ̀tì tó ní fúláàtì mẹ́jọ, sọ́kàwéè ti ilé kan àti kànga ti ilé kejì a máa fẹ̀yìn kanra láìsí ẹni tó mọ̀.

Ẹni tó fẹ́ kọjá títì

Títì ńlá tó la ìlú kọjá, títì ìjọba àpapọ̀ ni, ìlà méjì rẹ̀ sì sábà máa ń fẹ̀ ní mítà 7.3. Ọ̀dọ́ tó ń rin mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Àgbàlagbà tó ń rin 0.8 yóò lo mẹ́sàn-án. Nínú mẹ́sàn-án yẹn, mọ́tò tó ń sá ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ìyẹn ìwọ̀n tí òfin ìrìnnà gbà fún mọ́tò nínú ìlú, ti rin mítà 125. Èyí tó ń sá ní 80 ti rin mítà 200. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí màmá tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ lè rí mítà 200 gbalaja níwájú. Tírélà sìmẹ́ǹtì kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí awakọ̀ lè jẹun ti gba ìríran yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù tuntun tó wà nísàlẹ̀ fúláàtì ló sì ń fa tírélà dúró níbẹ̀. Kọnkéré tó dán mú kí ọkọ̀ máa sáré, kò sì sí ohun tó ń sọ fún awakọ̀ pé ìlú ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí àdúgbò ń ṣe ni kí wọ́n da bọ́ǹpù fúnra wọn lálẹ́. Bọ́ǹpù àdáṣe sábà máa ń tín-ín-rín ní sẹ̀ǹtímítà 40, kó ga ní 20, láìní ọ̀dà funfun lára, nígbà mìíràn ní kọ́nà. Mọ́tò tó bá kàn án lójijì yóò ṣẹ́ nǹkan, ẹrù á já, ọ̀kadà á sì yà gba ẹ̀gbẹ́, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà gan-an. Ìwọ̀n tó tọ́ ni kó fẹ̀ ní mítà 3.7 ní ojú ibi tí mọ́tò ń lọ, kó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 7.5 sí 10 lọ, kí àlàfo wà ní ẹ̀gbẹ́ fún omi ṣùgbọ́n kó má fẹ̀ tó ibi tí ọ̀kadà lè gbà, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, kí pátákó ìkìlọ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Ojú ibi tí èèyàn ń kọjá ni kó sún mọ́, bíi ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọjà. Níwọ̀n ìgbà tí títì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ọwọ́ iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ìjọba àpapọ̀ ni àṣẹ rẹ̀ wà, lẹ́tà láti ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn. Ó ń pẹ́. Síbẹ̀ ó sàn ju kí àdúgbò máa dáhùn ẹjọ́ ẹni tó kú sórí bọ́ǹpù wọn.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé gbọ́

Òfin ìlò ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìlú sábẹ́ gómìnà, ó fi ti ìgbèríko sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ìgbékalẹ̀ ìlú àti agbègbè ti 1992 ló sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ mọ̀ pé ilẹ̀ ẹbí ni púpọ̀ ilẹ̀ Kábà, rìsíìtì ẹbí ló ń kọ́kọ́ jáde, sọ́fè ń tẹ̀ lé e, búlọ́ọ̀kù ti dé orí ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí ìwé àṣẹ. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá fi ọ̀dà pupa kọ X sí ògiri, ilé ti dé dẹ́kìǹgì, ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀bẹ̀. X yẹn kì í sábà tún ọ̀nà ẹsẹ̀ kankan ṣe. Ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, ilé dúró.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí wọ́n ń na okùn sórí ilẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju ọjọ́ mìíràn lọ. Lọ́jọ́ yẹn, láti sún ilé sẹ́yìn ní mítà kan, èèkàn igi ni wọ́n máa yọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá da kọnkéré ìpìlẹ̀, owó sìmẹ́ǹtì ni. Lẹ́yìn dẹ́kìǹgì, kò ṣeé ṣe mọ́. Òṣìṣẹ́ ìgbékalẹ̀ ìlú, tàbí olórí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tí kò bá sí òṣìṣẹ́, ní ohun mẹ́rin láti fi téèpù wò kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀: báwo ni ilẹ̀ ilé yóò ṣe ga tó sí etí títì, níbo ni omi òrùlé ń lọ, ẹnu ọ̀nà mọ́tò mélòó ló wà, ọ̀nà ẹsẹ̀ wo ni ilé yìí máa gé. Fún ilé alájà, kí wọ́n tún béèrè ìwé ẹnjiníà tó ní ìforúkọsílẹ̀. Ìyẹn kò kan ìrìn ẹsẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń rìn lábẹ́ ilé tó ń wó kò ní ibi rìn.

Ní àárín gbùngbùn ìlú, ọ̀rọ̀ mítà 6 kò bá a mu. Ilẹ̀ tí ẹbí kan ní lè má ju mítà 10 lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọ́n bá yọ 6 níwájú àti 3 lẹ́yìn, kí ló kù? Onílé á kàn ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Ọ̀nà tó dáa ju ìyẹn lọ ti wà lójú wa látijọ́: fàráńdà. Kí ilé àjà kìíní yọ síta, kí òpó gbé e dúró létí títì, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo bíi mítà 2 ní ìbú àti 2.7 ní gíga, kí ẹlẹ́sẹ̀ máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá nínú òjò àti oòrùn. Onílé rí àyè rẹ̀ gbà padà lókè, aláṣọ́ọ̀bù rí oníbàárà tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ ni gíga ilẹ̀: tí fàráńdà ilé kan bá ga ju ti ẹnìkejì lọ ní àtẹ̀gùn méjì, kò sí ẹni tó máa gbà á. Kí ọ́fíìsì ìgbékalẹ̀ ìlú yan gíga kan fún títì kan, kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì rẹ̀ sára òpó iná. Kò gba owó ńlá.

Fúláàtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ẹlẹ́sẹ̀. Èèyàn tó pọ̀ lójú títì kan ń mú kí aláàkàrà, olóògùn àti télọ̀ rí oníbàárà ní ìwọ̀n ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyẹn mítà 400. Ilé tó tàn káàkiri kò lè bọ́ wọn. Fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà lálẹ́ sì ń dá ààbò sílẹ̀ ju ògiri gíga lọ.

Àwọn ilé tó ti wà ńkọ́?

Ẹ má dúró de ẹnì kan. Gọ́tà tó ti wà níwájú ilé, tí wọ́n bá fi pákó kọnkéré bò ó, ó di ibi ìrìn lọ́jọ́ kan náà. Gọ́tà tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45 nílò pákó tó gùn ní 65, kí ó lè jókòó ní 10 sórí ògiri gọ́tà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí pákó kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 45, kó nípọn ní 10. Yóò wúwo bíi kílò 70, èèyàn méjì lè gbé e, ìyẹn sì ṣe pàtàkì nítorí wọ́n á máa ṣí i fọ gọ́tà. Iwájú pulọ́ọ̀tì fíìtì 50 yóò gba pákó 34. Gbogbo kọnkéré rẹ̀ kò ju kúbíìkì mítà kan lọ: sìmẹ́ǹtì báàgì 7, yanrìn ìlọ́po méjì, òkúta wẹ́wẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, àti ráàdì mílímítà 10 bíi ọ̀pá 14. Iye yìí kò tó ohun tí ọ̀pọ̀ onílé ń ná sórí géètì. Tí a bá fi bíi sẹ̀ǹtímítà 90 ilẹ̀ tó tẹ́ kún un láti iwájú ilé, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yóò fẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ, èèyàn méjì lè pàdé níbẹ̀ láìyà fún ara wọn. Mítà kan, nínú mẹ́fà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ibi tí wọ́n ń fi irin sí. Ìsàlẹ̀ pákó ló máa ń ya tí èèyàn bá dúró lórí rẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni irin ń gbé, sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí ojú kọnkéré. Kí wọ́n fi òkúta kékeré gbé e sókè kí wọ́n tó da kọnkéré. Èyí tí wọ́n fi irin rẹ̀ sókè tàbí tí wọ́n gbé sí òdì yóò ṣẹ́ láàárín ọdún kan. Kí wọ́n sàmì sí ojú òkè. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa láti da á, àmọ́ ọyẹ́ ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ kíákíá, nítorí náà kí wọ́n bò ó pẹ̀lú àpò, kí wọ́n sì máa bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó gbé e. Níbi tí mọ́tò ń gbà wọlé, kó nípọn ní 15, kí ráàdì jẹ́ mílímítà 12. Lẹ́yìn pákó márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ tó ní ihò, kí omi títì lè ráyè wọlé. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ wọ́n mọ́ra, bó ti wù kí bíríkìlà sọ pé ó rẹwà tó, torí pé ọjọ́ tí gọ́tà bá dí, òòlù ni wọ́n á fi ṣí i.